Ẹ Bèèrè Ibi tí Ọkọ̀ Òkun Náà Ń Lọ

Ẹ̀yin òbí ní Ṣábẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé ogun orí òkun kò kàn wá nítorí pé ìlú wa jìnnà sí Kútọnu. Ọ̀nà Parakou àti Malanville tó gba àárín wa kọjá, ẹrù èbúté ló ń gba ibẹ̀. Ọmọ tó bá sì fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń kó ẹrù náà wá, iṣẹ́ gidi ló fẹ́ ṣe. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kó má wọ ọkọ̀ tí kò mọ ibi tó ń lọ.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 2023, hẹlikópítà kan bà sórí ọkọ̀ Galaxy Leader lójú Òkun Pupa. Àwọn Houthi ti Yemen fò jáde pẹ̀lú ìbọn, wọ́n sì kó gbogbo òṣìṣẹ́ inú rẹ̀, ènìyàn 25. Wọ́n ní ọmọ Ísírẹ́lì kan lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ náà. Àwọn ọmọ Filipíìnì, Bulgaria àti Mexico tó ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn, kí ló kàn wọ́n níbẹ̀? Oṣù kìíní ọdún 2025 ni wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta tó kú nígbà tí àwọn Houthi kọlu ọkọ̀ True Confidence ní oṣù kẹta ọdún 2024 kò tilẹ̀ padà sílé láàyè.

Ẹ má sì rò pé tòsí kò léwu. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ajalèlókun kó òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án lọ nínú ọkọ̀ Bonita, nítòsí Kútọnu.

Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 2006 lórí iṣẹ́ ojú òkun wà, orílẹ̀-èdè wa sì ti fọwọ́ sí i. Ó ka gbígba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́ léèwọ̀. Owó ìwé ìrìnnà, ìwé atukọ̀ àti ìwé àyẹ̀wò ara nìkan ni ọmọ lè san. Alágbàtà tó bá ní kí ẹ ta ilẹ̀ kí ọmọ tó rí iṣẹ́, ẹ sá fún un.

Àdéhùn yẹn tún gba àwọn orílẹ̀-èdè nímọ̀ràn pé, bí ọkọ̀ bá dorí kọ ibi ogun tí òṣìṣẹ́ kò sì gbà láti lọ, oníọkọ̀ ni yóò fi owó ara rẹ̀ dá a padà sílé. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe dandan, nítorí náà ẹ wá irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé iṣẹ́ kí ọmọ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Bí kò bá sí níbẹ̀, kó má fọwọ́ sí i.

Ẹ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà IMO, sílẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ńbà méje ni, kì í yí padà bí wọ́n tilẹ̀ pààrọ̀ orúkọ àti àsíá ọkọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í pamọ́ sílé pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ kí ọmọ yín tó kúrò ní Ṣábẹ̀.