Ṣé Búrẹ́dì Ni, Àbí Mílíìkì?

Ìbéèrè: Ó ti tó ọdún kan tí inú mi máa ń wú, tó sì máa ń kùn, bí mo bá ti fi búrẹ́dì mu tíì oní mílíìkì láàárọ̀. Nígbà mìíràn, n kò ní tíì dé ibi iṣẹ́ tí màá ti máa wá ilé ìyàgbẹ́ kiri. Ọ̀rẹ́ mi ní glúténì inú búrẹ́dì ni, pé kí n pa á tì. Ibì kan tún wà tí wọ́n ti ń fi ẹ̀jẹ̀ yẹ igba oúnjẹ wò lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ owó rẹ̀ ga. Ṣé kí n lọ?
Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí inú máa da èèyàn láàmú láàárọ̀ kùtùkùtù, nínú ọkọ̀, kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa búrẹ́dì tì. Inú àlìkámà àti ọkà bálì ni glúténì wà. Àwọn kan ní àìsàn tó ń jẹ́ coeliac: bí glúténì bá ti dé inú wọn, ohun tó yẹ kó máa dáàbò bo ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ba ìfun jẹ́. Àmì ìjà yìí ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tTG-IgA ń wá. Ẹni tó bá ti ṣíwọ́ búrẹ́dì tipẹ́, àmì náà lè ti pòórá, kí wọ́n sì ní kò sí nǹkan kan. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Ìlú Ọba ni pé kéèyàn jẹ glúténì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán, kó tó lọ ṣe é. Ẹ ní kí wọ́n yẹ àpapọ̀ IgA yín, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ogun ara tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, wò pẹ̀lú, torí ẹni tí IgA rẹ̀ kéré, àyẹ̀wò náà lè ṣì í lọ́nà. Bí àmì bá yọ, wọ́n lè ti ẹnu ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú, kí wọ́n fi bu díẹ̀ lára ìfun wò.

Àwọn mìíràn wà tí wọn kò ní coeliac, síbẹ̀ tí búrẹ́dì ń yọ lẹ́nu. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan fún ìyẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ rí i dájú pé kì í ṣe coeliac, kí wọ́n tó ní kéèyàn yọ búrẹ́dì kúrò nínú oúnjẹ, kó sì tún dá a padà.

Ní ti àyẹ̀wò igba oúnjẹ yẹn, ẹ fi owó yín pamọ́. IgG, ọmọ ogun ara mìíràn, ni ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ń wá, ara ẹni tí kò ní àìsàn kankan sì máa ń pèsè IgG sí oúnjẹ tó ń jẹ déédéé. Ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀wà, ìwé wọn lè sọ pé ẹ̀wà ni ọ̀tá rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn tó mọ̀ nípa ohun tí ara kì í gbà, ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má lò ó. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ìyá tó torí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gba ẹyin àti ẹja lẹ́nu ọmọ.

Mílíìkì inú tíì yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti, tó padà di mínísítà ètò ìlera, àti Norman Kretchmer pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí jáde lórí bí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ṣe ń da ṣúgà inú mílíìkì. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá ni kò lè dà á dáadáa. Ti àwọn Fúlàní darandaran yàtọ̀. Kì í ṣe àìsàn. Ohun tó ń da ṣúgà yìí nínú ìfun ló máa ń dín kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ilé ìwòsàn tó bá ní ẹ̀rọ rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n láti inú èémí: ẹ ó mu ṣúgà náà, ẹ ó sì máa fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ.

Ẹ lè fúnra yín dán an wò nílé. Fún ọ̀sẹ̀ 2, ẹ má fẹnu kan mílíìkì, ti agolo àti ti ìyẹ̀fun, títí kan áísìkirimù. Ẹ máa jẹ búrẹ́dì yín lọ, àmọ́ kó jẹ́ èyí tí wọn kò fi mílíìkì po. Ẹ máa kọ bí inú ṣe ń ṣe sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mu ife mílíìkì kan. Bí wàhálà bá lọ, tó sì tún padà dé, ó jọ pé a ti mú olè náà.

Bí inú kò bá sinmi, ẹ lọ ṣe tTG-IgA, kí wọ́n sì yẹ ìgbẹ́ yín wò fún aràn. Àmọ́ bí ẹ bá ń rù, bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń jí yín lóru, tàbí tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ yín kò tó, ẹ má dúró dán nǹkan kan wò, ẹ tètè lọ rí dókítà. Bí ètè bá wú tàbí tí èémí kò já geere lẹ́yìn oúnjẹ, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.

Bó bá wá jẹ́ coeliac ńkọ́? Sẹ́mò, Indomie àti puff-puff á kúrò, àmọ́ iyán, ẹ̀bà, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wà níbẹ̀. Ẹ bi ọlọ́lọ̀ léèrè bóyá àlìkámà ló lọ̀ kó tó lọ èlùbọ́ yín. Alákàrà tó ń fi epo kan náà dín puff-puff, ẹ má ra tirẹ̀. Ẹ máa dín àkàrà yín nílé.