Ojú Tó Pọ́n Rúsúrúsú: Ẹ Jẹ́ Kí A Mọ Jẹjẹrẹ Pancreas

Gbogbo ọpẹ́ ń bẹ fún Ọlọ́hun, Ẹni tó dá ara wa ní dídá tó pé. Ní Ìkéré, Ìsẹ̀, Emùré àti agbègbè wa gbogbo, bí ojú ẹnìkan bá pọ́n rúsúrúsú, ibà pọ́njú ni a kọ́kọ́ ń pè é, àgbo ni a sì ń gbé kaná. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó lè jẹ́ ibà tàbí àìsàn ẹ̀dọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn jẹjẹrẹ ló dí ọ̀nà òróòro. Bí a ṣe ń se àgbo láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbilẹ̀.

Ẹ̀yìn àgbẹ̀du ni pancreas wà. Òun ló ń ṣe omi tó ń da oúnjẹ nínú wa, òun náà ló ń ṣe insulin tó ń káwọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Nítorí pé ó fara pamọ́, ọwọ́ kò lè tètè kan kókó tó bá wà níbẹ̀.

Àwọn àmì tí a gbọ́dọ̀ fura sí nìyí:
1. Ojú àti awọ ara tó pọ́n, ara yíyún, ìtọ̀ tó dúdú, ìgbẹ́ tó funfun.
2. Rírù láìnídìí, àti àìfẹ́ jẹun.
3. Ìrora òkè ikùn tó ń gba ẹ̀yìn lọ.
4. Àtọ̀gbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ẹni tó ti lé ní 50 ọdún, tó sì ń rù.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní àmì wọ̀nyí ló ní jẹjẹrẹ. Dókítà ni yóò mọ̀ ọ́n. Skáànù ikùn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà CT scan. Wọ́n tún lè ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní skáànù lórí gba ẹnu wọlé, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà fún àyẹ̀wò.

Bí a bá tètè rí i, iṣẹ́ abẹ ló ń fúnni ní ìrètí jù. Dókítà Allen Whipple ní Amẹ́ríkà ló kọ ìròyìn irú rẹ̀ jáde ní 1935. Bí kò bá ṣeé gé mọ́, oògùn ń bẹ. Ní 2011, àwọn dókítà Faransé fi hàn pé bí a bá da oògùn mẹ́rin pọ̀, ìdajì àwọn aláìsàn tí àrùn ti ràn káàkiri ara wọn lò kọjá oṣù 11. Nǹkan bí oṣù 7 ni fún àwọn tó lo oògùn kan ṣoṣo. Ní 2023, wọ́n dán abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wò fún aláìsàn 16 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ní New York. Ara àwọn 8 dìde láti bá àrùn náà jà. Wọ́n ṣì ń dán an wò.

Síbẹ̀, àrùn yìí le. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, nǹkan bí ènìyàn 13 nínú 100 ló ń lò tó ọdún 5. Bí wọ́n bá rí i kí ó tó tàn, wọ́n tó nǹkan bí 44. Nítorí náà, ọjọ́ tí ojú bá ti pọ́n ni kí ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín. Ẹ sọ irú àgbo tó ti mu fún dókítà. Bí ó bá yẹ, ẹ gba ìwé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó tàbí Ìdó. Bí òróòro bá ti dí, dókítà lè fi páìpù kékeré sí i kí ó lè máa ṣàn. Ìyẹn lè jẹ́ kí ara yíyún àti ojú pípọ́n rọlẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ sá fún sìgá. Ó wà lára ohun tó ń fa àrùn yìí. Ọtí, tí Ọlọ́hun ti ṣe ní èèwọ̀ fún wa, ń ba pancreas jẹ́. Ẹni tó sanra jù, kí ó dín in kù.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí a wá ìwòsàn. Kí a gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí a sì máa ṣe dúà, méjèèjì kò takora. Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.