Ọmọbìnrin Aláìlọ́wọ́, àti Iṣẹ́ Tí Àlọ́ Ń Ṣe Nínú Ọkàn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́ni, gbogbo wa ni a ti pa àlọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì rí, a sì mọ bí wọ́n ti í gbe orin rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlọ́ bá tán, kí ni a máa ń ṣe? A ó bi wọ́n pé, "Ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́?" Wọn a dáhùn pé kí a má ṣe jẹ́ olójúkòkòrò bí Ìjàpá, a ó sì pa ìwé dé. Èmi náà kò mọ ohun mìíràn tí a lè fi àlọ́ ṣe, títí mo fi ka ọ̀kan láti ilẹ̀ Jámánì tí mo sì gbìyànjú láti yà á ní àwòrán.

Àlọ́ náà wà nínú ìwé tí Jacob àti Wilhelm Grimm, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tẹ̀ jáde ní ọdún 1812. Ọkùnrin kan wà tí ń fi ọlọ omi lọ ọkà fún àwọn ará ìlú. Òṣì ta á títí ó fi jẹ́ pé ọlọ náà àti igi ápù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni ó kù fún un. Sátánì pàdé rẹ̀ nínú igbó ní ìrísí arúgbó, ó sì ṣèlérí ọrọ̀ fún un bí ó bá lè fún òun ní ohun tí ó dúró lẹ́yìn ọlọ rẹ̀. Baba rò pé igi ápù ni. Kò mọ̀ pé ọmọbìnrin òun ni ó ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ọdún mẹ́ta pé, Sátánì dé, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti wẹ ara rẹ̀ mọ́, ó sì ti fi ẹfun fa ìlà yí ara rẹ̀ ká. A gba omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọkún sí ọwọ́ méjèèjì, wọ́n sì mọ́. Nígbà náà ni Sátánì pàṣẹ pé kí baba gé ọwọ́ ọmọ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ baba fúnra rẹ̀ ni òun yóò mú lọ. Ẹ̀rù ba baba, ó sì gé e.

Ọmọ náà sọkún sí ojú ọgbẹ́, Sátánì sì pàdánù rẹ̀. Baba ní òun yóò tọ́jú rẹ̀ nínú ọlá títí ayé. Ó kọ̀; ó ní kí a di apá òun mọ́ ẹ̀yìn, ó sì bọ́ sí ọ̀nà. Ọba kan rí i nínú ọgbà níbi tí ó ti ń fi ẹnu jẹ èso lórí igi, ó fẹ́ ẹ, ó sì ṣe ọwọ́ fàdákà fún un. Lẹ́yìn èyí ọba lọ sójú ogun, Sátánì pààrọ̀ lẹ́tà wọn, ayaba sì ní láti sá lọ pẹ̀lú ọmọ ní ẹ̀yìn. Ilé kékeré kan nínú igbó gbà á. Ọdún méje ni ó lò níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì hù padà nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run.

Àwọn kan wà tí wọ́n fi irú àlọ́ báyìí ṣe ẹ̀kọ́ nípa ìjìnlẹ̀ ọkàn. Carl Gustav Jung (1875–1961), dókítà ará Swítsàlandì, kọ́ni pé lábẹ́ ohun tí ènìyàn mọ̀ nínú ara rẹ̀, apá kan wà tí kò mọ̀, tí ó sì ń sọ̀rọ̀ nípa àlá àti àwòrán. Marie-Louise von Franz (1915–1998), ẹni tí ó pàdé rẹ̀ ní ọdún 1933, ka àlọ́ sí ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kedere jù lọ láti inú ìjìnlẹ̀ náà. Bí a bá tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀, baba, ọmọ, ọba àti Sátánì pẹ̀lú lè máa gbé inú ọkàn ènìyàn kan ṣoṣo. Níhìn-ín mo fẹ́ kí a rọra. Wilhelm Grimm tún ọ̀rọ̀ àwọn àlọ́ wọ̀nyí ṣe lemọ́lemọ́ títí dé ìtẹ̀jáde keje ní ọdún 1857. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ti inú ìjìnlẹ̀ wá, òmíràn orí tábìlì òǹkọ̀wé ni ó ti wá. Síbẹ̀, baba tí ó ta ohun tí kò bojú wò, ta ni nínú wa tí kò mọ̀ ọ́n?

Jung kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí ẹnu. Lẹ́yìn tí òun àti Freud pínyà ní ọdún 1913, ọkàn rẹ̀ dàrú, ó sì ń kọ ohun tí ó ń rí sílẹ̀, ó ń kùn ún ní ọ̀dà sínú ìwé ńlá aláwọ pupa kan tí ayé kò rí kà títí di ọdún 2009. Nínú àròkọ kan tí ó kọ ní 1916, ó ní ọwọ́ a máa tú ìdí ohun tí làákàyè ti bá jìjàkadì lásán. Ènìyàn lè ya àwòrán, ó sì lè fi amọ̀ mọ nǹkan. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé kí ẹni náà má ṣe sọ ọ́ di iṣẹ́ ọnà àfihàn, kí ó má sì ṣe yára túmọ̀ rẹ̀ tán kí ó wá gbé e jù sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Nígbà tí mo pa àlọ́ náà fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, n kò sọ ìtumọ̀ kankan. Ọmọdébìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, bí ayaba bá fi ọwọ́ fàdákà bu àmàlà, ǹjẹ́ yóò mọ̀ pé ó gbóná?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. N kò rí èsì fún un, ìbéèrè náà sì bá mi délé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo ka àlọ́ náà sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo pa ìwé dé, mo sì mú ibi kan ṣoṣo tí kò fi ọkàn mi sílẹ̀. Mo fi èédú ya ọmọ náà níwájú baba rẹ̀. Nígbà tí mo tún un wò, ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo gé: ọwọ́ òsì.

Ọlọ́wọ́ òsì ni a bí mi. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́kọ́ mọ̀wé, olùkọ́ mi a máa fi okùn di ọwọ́ náà mọ́ mi ní ìbàdí, a sì máa fi rúlà nà án bí ó bá yọjú. Nílé pẹ̀lú, a kì í na òsì sí àgbà, a kì í sì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. N kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kórìíra mi. (Ehudu inú Ìwé Àwọn Onídàájọ́, ọlọ́wọ́ òsì ni, síbẹ̀ n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni rántí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.) Ọ̀tún mi kọ́ iṣẹ́ náà dáradára, ìwé kíkọ mi lẹ́wà, òun ni a sì fi ń yìn mí títí di òní. Fàdákà ni.

Mo bi ọmọ inú àwòrán náà ohun tí ó ń fẹ́, mo sì kọ èsì tí ó wá sí mi lọ́kàn sílẹ̀. N kò ní sọ gbogbo rẹ̀ síhìn-ín. Apá kan rẹ̀ ni pé, "Gbé èédú náà fún mi." Mo gbé e sí òsì. Ìlà tí ó fà ń gbọ̀n bí ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ojú sì tì mí bí ẹni pé olùkọ́ náà dúró lẹ́yìn mi.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ọ̀nà yìí ní kíláàsì, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ibi tí ó wù ú nínú àlọ́, kí ẹ má sì ṣe fi dandan bi í léèrè ìtumọ̀ ohun tí ó yà. Olùkọ́ ni wá, a kì í ṣe dókítà ọkàn. Àwòrán tí ó bá bà wá lẹ́rù, kí a rọra mú ọmọ náà tọ ẹni tí ó mọ̀ jù wá lọ. Kí a má sì ṣe lẹ iṣẹ́ wọn mọ́ ògiri láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

Ọdún méje ni ayaba lò nínú igbó. Oṣù kẹta tèmi ni èyí. Ilé kékeré náà ni mo ń yà lọ́wọ́ báyìí. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì wọ́.