Ibà Jẹ̀funjẹ̀fun: Ẹnu Ni Ọ̀nà Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi tí ìgbẹ́ ènìyàn bá ti kàn ti di ọ̀tá ẹni tí yóò mu ún. Èyí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa sọ ní àkókò àjọ̀dún yìí.

Orúkọ tí a ń pe táífọ́ọ̀dù ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: ìfun ni ó ń jẹ. Kòkòrò àìfojúrí tí ó ń jẹ́ Salmonella Typhi ni ó ń fà á, ara ènìyàn nìkan ni ó sì ń gbé. Ó ń bá ìgbẹ́ jáde, a sì gba inú kànga, odò, oúnjẹ tàbí ọwọ́ tí a kò fọ̀ wọ ẹnu ẹlòmíràn. Bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè dá ihò sí ìfun. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2019, ó ṣe nǹkan bí mílíọ̀nù 9 ènìyàn, ó sì pa nǹkan bí 110,000.

Kì í ṣe aláìsàn nìkan ni ó ń kó o ràn wá. Alásè kan wà ní New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ń jẹ́ Mary Mallon. Ara rẹ̀ le, síbẹ̀ àrùn náà ń bẹ́ sílẹ̀ nínú àwọn ilé tí ó ti ń se oúnjẹ. Ní 1907 ni àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò náà wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ dá pẹ̀lú gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó dáná.

Nílé wa, gbogbo ibà ni a ń pè ní táífọ́ọ̀dù. Àyẹ̀wò Widal tí ó wọ́pọ̀ sì lè sọ pé ó wà níbi tí kò sí, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ti ṣe rí, tàbí tí àrùn mìíràn ń ṣe, lè fi irú àmì kan náà hàn. Ọ̀pọ̀ ń ra oògùn apakòkòrò lọ́wọ́ onítajà, wọ́n sì ń dá a dúró nígbà tí ara bá ti tutù. Báyìí ni kòkòrò ṣe ń mọ oògùn lára. Ní ẹkùn Sindh ní Pakistan, láti 2016, irú kan jáde tí ó ku oògùn oníhóró kan ṣoṣo tí ó ń ràn án. Ní 2019, orílẹ̀-èdè náà ni ó kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun rẹ̀ kún èyí tí gbogbo ọmọdé ń gbà.

Abẹ́rẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n kò lè dípò omi mímọ́. Àwọn ìlú ńláńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti dín àrùn yìí kù gan-an kí oògùn rẹ̀ tó dé ní 1948: wọ́n sẹ́ omi, wọ́n fi oògùn sí i, wọ́n sì ya omi ìgbẹ́ kúrò lára omi mímu.

Ẹ̀yin òbí, ẹ se omi tí kò bá dá yín lójú. Ẹ jẹ́ kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá, ó kéré tán mítà 30. Ẹ má ṣe gé oògùn dókítà kù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, bí ẹ bá ń ro ẹ̀bùn tí ẹ ó fún ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ tó ronú gbọ̀ngàn, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ọmọ ti ń fọ ọwọ́ bí ó bá jáde nílé ìgbọ̀nsẹ̀.