Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìtọ́jú Pápá Koríko Ilé ní Ìgbà Ooru àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Dín Ìnáwó Kù

1.0 Ìfáárà

Ète wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti dábàá ọ̀rọ̀-ìperí márùn-ún fún ìtọ́jú pápá koríko ilé ní ìgbà ooru. Ohun tí a ń pè ní pápá koríko ilé ni ilẹ̀ iwájú ilé tàbí ti ẹ̀yìnkùlé tí a gbin koríko kúkúrú sí, tí a sì ń gé e lóòrèkóòrè. Agboolé Yorùbá àtijọ́ kò mọ irú rẹ̀. Ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n mọ̀, koríko tí ó bá sì hù níbẹ̀, ríro ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àṣà yìí ti gbilẹ̀, pàápàá lẹ́yìn ọdún 1830 tí Edwin Budding ṣe ẹ̀rọ ìgékoríko. Lónìí, àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà náà ń tọ́jú irú pápá bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ oko àti ti ìgbẹ́ ni ó sì wà ní ẹnu wọn láti fi ṣàlàyé rẹ̀. Èrò wa ni pé bí ọ̀rọ̀ kò bá ṣe déédéé pẹ̀lú nǹkan tí ó ń pè, ẹni tí ó bá tẹ̀lé e yóò ná owó tí kò yẹ kí ó ná.

2.0 Ìgbà ooru

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pe oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ní òkè-òkun ní ‘ẹ̀ẹ̀rùn’. Ṣùgbọ́n àìrọ̀ òjò ni ìpìlẹ̀ ìtumọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn nínú èdè wa. Ní Los Angeles, ọ̀rọ̀ náà bá a mu, nítorí pé òjò kò wọ́pọ̀ níbẹ̀ rárá ní àwọn oṣù wọ̀nyí. Ní Florida ẹ̀wẹ̀, ìgbà yìí gan-an ni òjò ń rọ̀ jù lọ. Ní London, kò sí oṣù kan tí òjò kì í sábà rọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ‘ẹ̀ẹ̀rùn’ ní Florida lè máa da omi ẹ̀rọ sí ilẹ̀ tí òjò ti rin ná. Ooru nìkan ni ó jẹ́ àjọní fún ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, ìgbà ooru ni a dábàá.

3.0 Ìbomirin àti ìwọ́nmi

Ẹ jẹ́ kí á fi gbólóhùn méjì yìí wéra:
(1) Ó wọ́n omi sí koríko.
(2) Ó bomi rin koríko.
Nínú (1), ojú nǹkan nìkan ni omi kàn. Nínú (2), ọ̀rọ̀-ìṣe ‘rin’ fi hàn pé omi wọ inú rẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ yìí wúlò púpọ̀. Ìwọ́nmi ojoojúmọ́ kì í jẹ́ kí gbòǹgbò lọ jìnnà nínú ilẹ̀. Oòrùn a sì tètè fa omi náà lọ. Ìbomirin ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ó ń mú kí gbòǹgbò wá omi lọ sí ìsàlẹ̀. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ sábà ń dá ni sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ́sẹ̀, tí a bá ka ti òjò mọ́ ọn. Agolo òfìfo tí a gbé sórí pápá ni a lè fi wọ̀n ọ́n. Lórí pápá tí ó jẹ́ mítà 10 níbùú àti mítà 10 lóròó, ìwọ̀n yìí jẹ́ lítà omi 2,500. Níbi tí wọ́n ti ń ka omi fún onílé, owó gidi ni. Àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo àyíká ṣírò rẹ̀ pé omi tí a ń lò níta tí ó ń ṣòfò nípasẹ̀ oòrùn, afẹ́fẹ́ àti ìṣàn lè tó ìdajì. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ìbomirin ti dára jù.

4.0 Ìrẹ́

‘Ṣán’ ni ọ̀rọ̀ tí àgbẹ̀ ń lò fún koríko: ṣíṣán dé ilẹ̀ kí ó má tètè hù mọ́. Ẹni tí ó bá ní kí á ‘ṣán’ pápá koríko ń pàṣẹ ìpalára láìmọ̀. ‘Rẹ́’ ni a fi ń sọ nípa èékánná: ṣóńṣó nìkan ni a mú kúrò. Ìlànà tí ó wà ni pé kí á má ṣe rẹ́ ju ìdá mẹ́ta ìdá kan gíga koríko lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fẹ́ kí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 8, kí á rẹ́ ẹ nígbà tí ó bá di 12. Koríko tí ó ga díẹ̀ ń ṣíji bo ilẹ̀, omi kì í sì í tètè gbẹ níbẹ̀.

5.0 Àgésílẹ̀

Kí ni a ó pe èyí tí ẹ̀rọ gé? Àwọn kan ń pè é ní ‘pàǹtí’, wọ́n a sì kó o dànù. Àwọn mìíràn ń pè é ní ‘àgékù’, ṣùgbọ́n ‘kù’ ń tọ́ka sí èyí tí ó ṣẹ́kù lórí ìdúró. A dábàá àgésílẹ̀, tí a ṣẹ̀dá láti inú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ‘à-’ àti àpólà-ìṣe ‘gé sí ilẹ̀’, pẹ̀lú ìpajẹ fáwẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń kọ́ni ní ohun tí ó yẹ: kí á gé e, kí á fi í sílẹ̀. Bí ó bá jẹrà, ó lè pèsè tó ìdá mẹ́rin ìdá kan náítírójìn tí pápá nílò lọ́dún. Ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ni.

6.0 Ìsùn koríko

Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù. Koríko ilẹ̀ òtútù, irú èyí tí ó pọ̀ ní Bìrìtéènì àti àríwá Amẹ́ríkà, a máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ooru bá mú. Àwọn ènìyàn a ní ó ti ‘kú’. Wọ́n a ra irúgbìn mìíràn, wọ́n a da ajílẹ̀ sí i. Òfò ni méjèèjì. Kò kú, ó sùn ni, gẹ́gẹ́ bí iṣu inú abà ti í sùn títí àkókò ìrújáde rẹ̀ yóò fi tó. Ìdí rẹ̀ wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òjò sì ń jí i. Láti dá a mọ̀, kí á fà á: bí ó bá di ilẹ̀ mú, tí ìdí rẹ̀ sì funfun, ó ń sùn ni, bí ó bá fà tu wẹ́rẹ́, ó ti kú. Ní ọdún 2022, nígbà tí ọ̀dá dá England, àwọn ilé-iṣẹ́ omi kan fi òfin de lílo rọ́bà omi fún pápá koríko. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000. Ẹni tí ó mọ ìsùn yàtọ̀ sí ikú kò ní rú irú òfin bẹ́ẹ̀ nítorí koríko.

7.0 Ìkádìí

Ìgbà ooru, ìbomirin, ìrẹ́, àgésílẹ̀ àti ìsùn koríko: kò sí èyí tí a yá nínú wọn. Inú èdè wa ni gbogbo wọn ti wá, ìtumọ̀ wọn sì hàn lára wọn. A rò pé irú ọ̀rọ̀-ìperí tí ó yẹ kí á máa wá nìyí: èyí tí ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò ti mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe, àti ohun tí kò yẹ kí ó fi owó rẹ̀ ṣòfò lé lórí.