Oòrùn Ọ̀sán Níbi Iṣẹ́ Búlọ́ọ̀kù

Ìbéèrè: Iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ni mò ń ṣe ní Ọ̀rà. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ọ̀gá wa ní kò sí ìsinmi nínú àdéhùn wa. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́?

Ìdáhùn: Kò lẹ́tọ̀ọ́ rárá. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, abala 13, ní kí ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1. Ó dùn mí pé òfin náà kò sọ bí ooru ṣe gbọ́dọ̀ mú tó kí iṣẹ́ tó dúró. Nítorí náà, ẹ béèrè pé kí ìsinmi yín bọ́ sí ọ̀sán gangan, pẹ̀lú omi mímu. Bí ooru bá dá ẹnikẹ́ni dùbúlẹ̀, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kí ẹni náà sì fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14, torí òfin ọdún 2010 lórí owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa tàbí ṣàìsàn lẹ́nu iṣẹ́ fún un láyè láti béèrè owó náà lọ́wọ́ NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó o.