Kí O Tó Fi Ilẹ̀kùn Rẹ Lé Fóònù Lọ́wọ́

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o fẹ́ ra smart lock, kí ilẹ̀kùn ilé rẹ máa fi fóònù ṣí. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí gílóòbù ìgbàlódé bá kọ̀ tí kò tàn, inú òkùnkùn lo máa ti jẹun alẹ́. Bí ilẹ̀kùn bá kọ̀, ìta lo máa sùn. Jókòó, kí n bá ọ sọ̀rọ̀.

1. Wo ilẹ̀kùn rẹ kí o tó wo ọjà. Ọ̀pọ̀ èyí tí ò ń rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn onípákó àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún. Ilẹ̀kùn onírin ló wà ní ọ̀pọ̀ ilé l'Ékòó àti n'Íbàdàn, kọ́kọ́rọ́ inú wọn sì yàtọ̀. Wọn bí ilẹ̀kùn ṣe nípọn tó àti bí ihò kọ́kọ́rọ́ ṣe jìnnà sí etí rẹ̀, kí o mú ìwọ̀n náà dání lọ bá ẹni tó ń tà á. Irin tún máa ń dí ìgbì rédíò tí fóònù fi ń bá kọ́kọ́rọ́ sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

2. Má ra èyí tí kò ní ihò kọ́kọ́rọ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bátìrì ló ń gbé e ṣiṣẹ́, bátìrì á sì kú lọ́jọ́ kan. Fi kọ́kọ́rọ́ gidi kan sọ́wọ́ ẹni tí o fọkàn tán, tí kò bá ọ gbélé. Kí ó sì dá ọ lójú pé ẹni tó wà nínú ilé lè fi ọwọ́ lásán yí i ṣí láìtẹ nọ́ńbà kankan: bí iná bá ń jó ilé, kò sẹ́ni tó máa rántí nọ́ńbà.

3. Má jẹ́ kí Wi-Fi wọ̀ ọ́ lójú. Fíìmù àti àwòrán ni Wi-Fi mọ̀ ọ́n gbé. Ọ̀rọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ ní í sọ kò ju "mo ṣí", "mo tì" lọ. Wi-Fi tóbi ju iṣẹ́ yìí lọ, ìdí nìyí tó fi ń jẹ bátìrì kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá jẹ́ pé iwájú ilẹ̀kùn lo ti fẹ́ máa ṣí i, Bluetooth àti bọ́tìnì onínọ́ńbà ti tó ọ.

4. Bí o bá fẹ́ so gbogbo ilé pọ̀, yan Zigbee, Z-Wave tàbí Thread, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ro ti NEPA. Ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ inú ilé ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìlo wáyà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn kì í jẹ bátìrì púpọ̀, wọ́n sì máa ń jíṣẹ́ láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn. Ibi tí ọ̀pọ̀ kò fojú sí nìyí: ẹ̀rọ tó ń lo iná ilé ló ń bá wọn jíṣẹ́ náà, èyí tó ń lo bátìrì kì í dá sí i. Tí NEPA bá mú iná lọ, gílóòbù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín ọ̀nà á kú, iṣẹ́ tí o rán á já sójú ọ̀nà. Nítorí náà, gbé hub, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń so gbogbo wọn pọ̀, súnmọ́ ilẹ̀kùn, kí òun àti ẹ̀rọ ajíṣẹ́ wà lórí ìńfátà. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá sì fẹ́ fi Z-Wave ránṣẹ́ láti òkè òkun, kí kọ́kọ́rọ́ àti hub ti ibì kan náà wá. Ti Amẹ́ríkà ń lo 908 MHz, ti Yúróòpù ń lo 868 MHz. Wọn kò lè gbọ́ ara wọn láé. Zigbee àti Thread kò ní wàhálà yìí, 2.4 GHz ni wọ́n ń lò káàkiri ayé.

5. Bèèrè bóyá ó ní Matter, ìlànà tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbọ́ ara wọn. Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ló jáde, Apple, Google àti Amazon sì jọ fọwọ́ sí i. Orí Thread tàbí Wi-Fi ló ń gbà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé inú ilé rẹ ni àṣẹ ti ń lọ tó ti ń bọ̀, kò dìgbà tó bá rìn dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun. Ilé-iṣẹ́ lè kógbá sílé lọ́la. Ilẹ̀kùn rẹ ò gbọdọ̀ bá a lọ.

6. Ṣọ́ nọ́ńbà rẹ. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n tà mọ́ kọ́kọ́rọ́ náà, yí i padà lọ́jọ́ tí o gbé e délé. Má lo ọdún ìbí rẹ, fún olúkúlùkù ní tirẹ̀. Bí oníṣẹ́ bá parí iṣẹ́ tó sì gbowó rẹ̀, pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́ kí ó tó dé géètì.